Ìbéèrè Yín: Èrè Wo Ló Wà Nínú Jíjókòó Ti Aláìsàn Tí Kò Ní Gbádùn Mọ́?

Ọ̀rọ̀ àwọn tó ń yọ̀ǹda ara wọn fún iṣẹ́ ọ̀fẹ́ ní hospice, ìyẹn ibi tí wọ́n ti ń tọ́jú ẹni tí àìsàn rẹ̀ kò ní sàn mọ́, ni ẹ fi lẹ́tà yín béèrè jù lọ́wọ́ mi láìpẹ́ yìí, nítorí náà òun nìkan ni ojú-ewé yìí dá lé lórí ní oṣù yìí. Mo mú lẹ́tà mẹ́rin tí ìbéèrè inú wọn kó ti àwọn yòókù mọ́ra, mo sì yọ orúkọ àwọn tó kọ wọ́n kúrò. Kí ẹ mọ̀ pé n kò lè ṣe bí ẹni tí ọ̀rọ̀ yìí kò kàn. Nọ́ọ̀sì ni mí kí n tó fẹ̀yìn tì, láti ìgbà náà ni mo sì ti ń lọ sí hospice kan ní gúúsù Lọ́ńdọ̀nù láìgba owó.

Ìbéèrè láti Peckham, Lọ́ńdọ̀nù

Ẹ kú iṣẹ́ o, Màmá. Àwọn ọmọ mi ti dàgbà, wọ́n ti kúrò nílé, ọjọ́ méjì sì wà lọ́sẹ̀ tí n kì í lọ sí ibi iṣẹ́. Wọ́n kéde ní ṣọ́ọ̀ṣì wa pé hospice kan ń wá àwọn tó máa yọ̀ǹda ara wọn. Nígbà tí mo sọ fún ọkọ mi, wọ́n ní kí ni mo fẹ́ẹ́ lọ wá nílé ikú, ṣé mo fẹ́ẹ́ fa ikú wọlé ni. Ọ̀rẹ́ mi kan ní iṣẹ́ tí wọn kì í sanwó fún, iṣẹ́ ọ̀lẹ ni. Èmi fúnra mi kò mọ èrè tó wà níbẹ̀. Ẹ jọ̀ọ́, kí ni ènìyàn ń rí gbà?

Ìdáhùn

Àbúrò mi, ẹ kú àníyàn. Ẹ jẹ́ kí n kọ́kọ́ fi ọ̀rọ̀ ránṣẹ́ sí ọkọ yín. Hospice kì í ṣe ilé tí wọ́n ti ń pa ènìyàn, wọn kì í sì í kó aláìsàn síbẹ̀ kí wọ́n lè gbàgbé rẹ̀. Ẹni tí àìsàn rẹ̀ ti kọjá ohun tí oògùn lè wò sàn ni wọ́n ń tọ́jú níbẹ̀, yálà jẹjẹrẹ ni o, tàbí àìsàn ọkàn, tàbí ti ẹ̀dọ̀fóró, kí ìrora, èébì, èémí tí kò já gaara àti àìrí-oorun-sùn má baà gba ìyókù ọjọ́ rẹ̀ mọ́ ọn lọ́wọ́. Àwọn kan a wọlé fún ọ̀sẹ̀ kan tàbí méjì, kí àwọn dókítà bá wọn wá oògùn tó máa kápá ìrora wọn, wọn a sì padà sílé. Ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, inú ilé aláìsàn gan-an ni àwọn òṣìṣẹ́ hospice ti ń ṣe èyí tó pọ̀ jù nínú iṣẹ́ wọn, wọn kì í sì í gba kọ́bọ̀ lọ́wọ́ aláìsàn tàbí ẹbí rẹ̀.

Àwọn àgbà ní àìsàn là ń wò, a kì í wo ikú. Ẹni tó bá pa òwe yìí nídìí bẹ́ẹ̀dì aláìsàn sábà máa ń fẹ́ sọ pé kí a gbé ọwọ́ sókè, pé kò sí ohun tó kù láti ṣe mọ́. Èmi kò gbọ́ ọ bẹ́ẹ̀. Ìrora ẹni tó ń kú lọ, àìsàn ni. Ẹnu rẹ̀ tó gbẹ, àìsàn ni. Ẹ̀rù tó ń jí i lóru, àìsàn ni. Gbogbo wọn ṣeé wò títí di wákàtí tó kẹ́yìn, kò sì pọn dandan kí ènìyàn jẹ́ dókítà kó tó lè bá wọn wo púpọ̀ nínú wọn. Ohun tí mo rí gbà nìyẹn, tí mo bá máa dá yín lóhùn ní kúkúrú: mo ti dẹ́kun láti máa dúró lẹ́yìn ilẹ̀kùn nígbà tí wọ́n bá ní kò sí ohun tí a lè ṣe mọ́.

Ní ti ọ̀rẹ́ yín tó ní iṣẹ́ ọ̀lẹ ni, ẹ sọ ìtàn Cicely Saunders fún un, nítorí iṣẹ́ ọ̀fẹ́ ni obìnrin náà fi mọ ohun tó padà sọ ọ́ di olókìkí. Nọ́ọ̀sì ni tẹ́lẹ̀, ẹ̀yìn dídùn ló lé e kúrò nídìí iṣẹ́ náà, ló bá di òṣìṣẹ́ tó ń rí sí ọ̀ràn ìdílé àwọn aláìsàn ní ilé ìwòsàn ní Lọ́ńdọ̀nù. Níbẹ̀ ló ti bá David Tasma pàdé, Júù kan tó sá wá láti Warsaw ní ilẹ̀ Poland, tí jẹjẹrẹ ń ṣe, tí kò sì ní ẹbí kankan nítòsí. Àwọn méjèèjì jọ máa ń ronú irú ilé tí ì bá yẹ irú ẹni bẹ́ẹ̀ láti lo ìkẹyìn ayé rẹ̀. Nígbà tí Tasma kú ní 1948, 500 pọ́n-ùn ló fi sílẹ̀ fún Saunders, pé kí òun jẹ́ fèrèsé kan nínú ilé tó máa kọ́. Saunders bẹ̀rẹ̀ sí í lọ ṣe iṣẹ́ ọ̀fẹ́ ní ìrọ̀lẹ́ ní St Luke's ní Bayswater, ilé kan tí wọ́n ti ń tọ́jú àwọn tálákà tó ń kú lọ, ó sì ṣàkíyèsí pé àwọn nọ́ọ̀sì ibẹ̀ kì í dúró kí ìrora padà dé kí wọ́n tó fúnni ní oògùn. Ṣe ni wọ́n ń fúnni ní wákàtí tó yẹ, kí ìrora má baà rí àyè wọlé. Oníṣẹ́ abẹ kan tí wọ́n jọ ń ṣiṣẹ́, Norman Barrett, gbà á nímọ̀ràn pé kó lọ kọ́ ìmọ̀ ìṣègùn kí àwọn dókítà lè gbọ́rọ̀ rẹ̀. Ó di dókítà ní 1957, ó sì ṣí St Christopher's Hospice ní Sydenham ní 1967, tí kò jìnnà rárá sí Peckham tí ẹ wà yìí.

Ṣùgbọ́n ẹ má ṣe retí pé iṣẹ́ ńlá ni wọ́n máa gbé lé yín lọ́wọ́. Ẹ ó po tíì, ẹ ó to òdòdó, ẹ ó ka ìwé ìròyìn fún ẹni tí ojú rẹ̀ ti di bàìbàì, ẹ ó fi mọ́tò gbé ẹni tí kò lè wọ bọ́ọ̀sì, tàbí kí ẹ dúró ní ṣọ́ọ̀bù tí wọ́n ti ń ta aṣọ àlòkù kí hospice lè rí owó ná. Ẹ kò ní fún ẹnikẹ́ni lóògùn. Ọ̀pọ̀ ọjọ́ ló máa wà tí ohun kan ò ní ṣẹlẹ̀, tí ẹ ó kàn fọ ife, tí ẹ ó sì padà sílé. Ẹni tó bá ń wá ibi tí wọ́n á ti máa yìn ín ní òwúrọ̀ àti ní alẹ́, kó má wulẹ̀ wá.

Ẹ tún wá ní ohun kan lọ́wọ́ tí ọ̀pọ̀ nínú àwa tó ń ṣe iṣẹ́ yìí kò ní. Àwọn Yorùbá tó wọ ọkọ̀ òkun wá sí ìlú yìí wá kàwé nígbà tí Nàìjíríà ṣẹ̀ṣẹ̀ gba òmìnira, tí wọn kò sì padà sílé mọ́, ti di arúgbó. Bí àìsàn ìgbàgbé tó máa ń bá arúgbó bá mú ẹni tó gbọ́ èdè méjì, èdè tó kọ́ nígbà tó dàgbà ló sábà máa ń kọ́kọ́ bọ́ lọ́wọ́ rẹ̀, tí tìyá rẹ̀ á sì kù. Ní ibi tí mò ń lọ, bàbá àgbà kan wà tí gbogbo wọn ti gbà pé kì í sọ̀rọ̀ mọ́. Mo kúnlẹ̀ kí wọn, mo ní, "Ẹ káàárọ̀ sà, ṣé ẹ sùn dáadáa?" Bàbá ní àwọn ò sùn. Mo ní kí ló dé. Wọ́n ní itan ọ̀tún ló ń ro àwọn láti àná, pé ẹnikẹ́ni kò dá àwọn lóhùn. Mo lọ pe nọ́ọ̀sì, wọ́n yẹ̀ ẹ́ wò, wọ́n yí oògùn padà, bàbá sì sùn lọ́sàn-án ọjọ́ náà. Kò sí owó oṣù kan tí mo gbà rí lẹ́nu iṣẹ́ tó tẹ́ mi lọ́rùn tó oorun yẹn. (Mo gbọ́dọ̀ fi kún un pé bí ọ̀rọ̀ bá kan ìwé tí aláìsàn máa fọwọ́ sí tàbí ìtọ́jú tó máa gbà tàbí kọ̀, ògbufọ̀ tí ilé ìwòsàn gbà síṣẹ́ ló gbọ́dọ̀ túmọ̀, ẹ má jẹ́ kí wọ́n fi yín rọ́pò rẹ̀.)

Ohun tí ẹ máa fà wọlé láti ibẹ̀ ni àwọn ọ̀rọ̀ tí a kì í fẹ́ dá sílẹ̀ láàárín ẹbí: ibo ni ọkọ yín fẹ́ kí wọ́n sin wọ́n sí, nílé ni tàbí níbí, ta sì ni wọ́n fẹ́ kó gba ẹnu wọn sọ̀rọ̀ bí ọjọ́ kan bá dé tí wọn kò lè sọ̀rọ̀ fúnra wọn. Ẹni tó ti ń gbọ́ irú ọ̀rọ̀ bẹ́ẹ̀ lẹ́nu àwọn ẹlòmíràn lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀ máa ń rí i bẹ̀rẹ̀ nílé ara rẹ̀ láìgbọ̀n. Mo rò pé ọkọ yín gan-an ló máa kọ́kọ́ jẹ nínú èrè yìí.

Ìbéèrè láti Houston, Amẹ́ríkà

Mo kí yín o. Mo ti fẹ̀yìn tì, hospice kan ládùúgbò wa sì ní kí n wá bá àwọn ṣiṣẹ́ ọ̀fẹ́. Ọmọ mi ọkùnrin ní ilé iṣẹ́ tó ń jèrè ni wọ́n, pé òfin ló fi dandan lé e fún wọn láti ní àwọn tó ń ṣiṣẹ́ ọ̀fẹ́, wọ́n sì kàn fẹ́ẹ́ fi mí dí àlàfo ni. Ṣé òótọ́ ni? Bó bá sì jẹ́ òótọ́, kí ni tèmi níbẹ̀?

Ìdáhùn

Ọmọ yín kò parọ́, ẹ bá mi kí i. Ní 1982 ni ilé aṣòfin Amẹ́ríkà fi ìtọ́jú hospice sínú Medicare, ètò ìlera tí ìjọba ń náwó sí fún àwọn àgbàlagbà, fún ẹni tí dókítà bá jẹ́rìí sí i pé, bí àìsàn rẹ̀ bá ń lọ bó ṣe ń lọ, kò dájú pé ó máa lò ju oṣù 6 lọ láyé. Ìlànà Medicare sì béèrè pé kí wákàtí tí àwọn olùyọ̀ǹda-ara-ẹni ń lò tó, ó kéré tán, ìdá 5 nínú 100 wákàtí tí àwọn tó ń gbowó fi ń tọ́jú aláìsàn. Àwọn tó bẹ̀rẹ̀ hospice ní ilẹ̀ náà, bíi Florence Wald àti àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ tó dá ti Connecticut sílẹ̀ ní 1974, kò dá a sílẹ̀ fún òwò, ohun tí ìlànà yìí sì ń dáàbò bò ni pé kí aládùúgbò má baà kúrò nídìí bẹ́ẹ̀dì nígbà tí owó ìjọba bá wọlé. Owó náà wọlé lóòótọ́, àwọn oníṣòwò sì tẹ̀ lé e. Èyí tó pọ̀ jù nínú hospice Amẹ́ríkà lónìí, ti àwọn tó ń wá èrè ni.

Nítorí náà, ẹ béèrè kí ẹ tó fọwọ́ sí ohunkóhun. Ṣé ilé iṣẹ́ tó ń pín èrè fún àwọn onípìn-ín ni wọ́n, àbí èyí tí kì í wá èrè? Ta ló máa kọ́ yín níṣẹ́, fún ìgbà wo? Bí aláìsàn tí ẹ jókòó tì bá ṣubú tàbí tí èémí rẹ̀ yí padà, ta ni ẹ máa pè, ṣé onítọ̀hún máa ń gbé fóònù lóru? Ẹni tí kò bá ní ìdáhùn sí èyí tó kẹ́yìn yẹn kò yẹ lẹ́ni tí à ń bá ṣiṣẹ́, ì báà máa wá èrè tàbí kó má wá a. Bí ọkàn yín kò bá sì balẹ̀ sí iṣẹ́ ọ̀fẹ́ nílé oníṣòwò, ẹ wá èyí tí kì í wá èrè lọ, kò sí ẹ̀ṣẹ̀ níbẹ̀.

Ẹ wá béèrè ohun tó jẹ́ tiyín níbẹ̀. Aláìsàn kò mọ̀ nípa ìwé ìṣirò owó ilé iṣẹ́ náà, bẹ́ẹ̀ ni ìyàwó rẹ̀ tí kò tíì fojú kan oorun. Bí ẹ bá bá wọn jókòó ti ọkọ rẹ̀ fún wákàtí mẹ́ta, tí obìnrin náà lọ dirun, tó ra ẹja, tó tún fara kan bẹ́ẹ̀dì díẹ̀ kó tó padà jókòó, ẹ ó rí ojú rẹ̀ nígbà tó bá wọlé. Àwa obìnrin ló pọ̀ jù nídìí iṣẹ́ yìí, bẹ́ẹ̀ ọ̀pọ̀ ọkùnrin tó ń ṣàìsàn ló ń wá ọkùnrin ẹgbẹ́ wọn tí wọ́n máa bá sọ̀rọ̀ bọ́ọ̀lù, ọ̀rọ̀ iṣẹ́ tí wọ́n ṣe rí, àti àwọn ohun tí wọn kò fẹ́ kí ìyàwó tàbí ọmọ gbọ́.

Nọ́ọ̀sì kan wà ní ìpínlẹ̀ Oregon, Sandra Clarke. Lóru ọjọ́ kan, bàbá arúgbó kan tó ń kú lọ bẹ̀ ẹ́ pé kó jókòó ti òun. Ó ní òun máa kọ́kọ́ wo àwọn aláìsàn yòókù kí òun tó padà wá. Nígbà tó fi máa padà, bàbá ti kú, òun nìkan. Ọ̀rọ̀ náà kò kúrò lọ́kàn rẹ̀. Ní 2001, ó dá ètò kan sílẹ̀ ní ilé ìwòsàn Sacred Heart ní ìlú Eugene, tí àwọn olùyọ̀ǹda-ara-ẹni fi ń gbapò lọ́wọ́ ara wọn lẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹni tí kò ní ẹbí, títí tó máa fi gbẹ́mìí mì, ọ̀pọ̀ ilé ìwòsàn mìíràn sì ti gba ètò náà. Kì í ṣe pé nọ́ọ̀sì náà burú tàbí pé ó ya ọ̀lẹ. Àwọn aláìsàn pọ̀ lọ́wọ́ rẹ̀ ni. Àyè tó ṣófo lẹ́gbẹ̀ẹ́ bẹ́ẹ̀dì yẹn ni wọ́n ń pè yín sí, n kò sì rò pé àlàfo lásán ni ẹ máa dí.

Ìbéèrè láti Ìbàdàn

Ẹ kú déédéé àsìkò yìí, mà. Olùkọ́ ni mí ní Ìbàdàn. Mo ka ohun tí ẹ kọ tẹ́lẹ̀ nípa hospice, ó wú mi lórí, ṣùgbọ́n mo rò pé òkè òkun ni irú rẹ̀ ti lè ṣeé ṣe. Níbí, ẹbí ló ń tọ́jú aláìsàn, wọn kò sì ní jẹ́ kí àlejò wọ yàrá. Ẹni tó bá tún lọ sọ fún wọn pé bàbá wọn kò ní gbádùn, wọ́n á ní ó ń ṣépè. Ìwúlò wo ni ẹni bíi tèmi lè ní?

Ìdáhùn

Ọmọ mi, nǹkan tí o ń wá lọ sí òkè òkun wà nítòsí rẹ. Ẹ̀ka hospice àti ìtọ́jú aláìsàn tí kò ní gbádùn mọ́ wà ní UCH, ilé ìwòsàn ńlá ti yunifásítì ní Ìbàdàn ńbẹ̀, àwọn òṣìṣẹ́ rẹ̀ sì máa ń lọ bá aláìsàn nínú ilé wọn. Ọ̀jọ̀gbọ́n Olaitan Soyannwo, dókítà tí iṣẹ́ rẹ̀ jẹ́ kíkun aláìsàn lóorun fún iṣẹ́ abẹ àti kíkápá ìrora, wà lára àwọn tó sapá jù láti fìdí irú ìtọ́jú yìí múlẹ̀ ní Nàìjíríà, Ìbàdàn kan náà sì ni Centre for Palliative Care, Nigeria wà, tí wọ́n ti ń kọ́ àwọn òṣìṣẹ́ ìlera. Lọ béèrè lọ́wọ́ wọn ohun tí wọ́n ń fẹ́ kí ẹni tí kì í ṣe òṣìṣẹ́ ìlera bá wọn ṣe.

Wọn kò lè dá ṣe é. Àjọ Ìlera Àgbáyé ní nǹkan bíi mílíọ̀nù 57 ènìyàn ló nílò irú ìtọ́jú yìí lọ́dọọdún, tí èyí tó pọ̀ jù nínú wọn wà ní àwọn orílẹ̀-èdè bíi tiwa, bẹ́ẹ̀ ìdá 14 nínú 100 péré ló ń rí i gbà. Àìtó oògùn ìrora wà lára ohun tó fà á, bó tilẹ̀ jẹ́ pé oògùn náà kò wọ́n tó bí àwọn ènìyàn ṣe rò. Nígbà tí dókítà Anne Merriman dá Hospice Africa sílẹ̀ ní Uganda ní 1993, omi ni wọ́n ń pò mọ́ àtíkè morphine, oògùn ìrora tó lágbára, ní Kampala, tí aláìsàn á sì máa mu ún nílé rẹ̀, nígbà tó sì yá, òfin gbà pé kí àwọn nọ́ọ̀sì tí wọ́n kọ́ ní pàtàkì máa kọ ọ́ fúnni. Ẹni tó máa jókòó ti aláìsàn, tó máa rántí wákàtí oògùn, tó máa sáré lọ sọ fún nọ́ọ̀sì pé ìrora ti padà dé, kò lè ti ilé ìwòsàn wá lójoojúmọ́. Ládùúgbò ló ti máa wá.

Ibi tí ọ̀rọ̀ ẹbí tí o sọ ti dùn mọ́ mi ni ti Kerala, ní ilẹ̀ Íńdíà. Níbẹ̀, bíi ti tiwa, ilé ni aláìsàn ń wà, ọwọ́ ẹbí ló sì wà. Láti ìparí àwọn ọdún 1990, àwọn aládùúgbò bẹ̀rẹ̀ sí í gba ẹ̀kọ́ díẹ̀, wọ́n sì ń fi wákàtí díẹ̀ sílẹ̀ lọ́sẹ̀, olùkọ́, àgbẹ̀, oníṣòwò, akẹ́kọ̀ọ́. Wọn kì í wá gba aláìsàn lọ́wọ́ ẹbí. Wọ́n ń ran ẹbí lọ́wọ́ láti tọ́jú rẹ̀, wọ́n sì ń pe nọ́ọ̀sì nígbà tó bá yẹ. Ìdílé tó bá ti rí i pé o kò wá gba ipò wọn kò ní í ti ilẹ̀kùn mọ́ ọ.

Ní ti pé wọ́n á ní o ń ṣépè, kì í ṣe iṣẹ́ rẹ láti sọ fún ẹnikẹ́ni pé ó máa kú. Dókítà ló ni ọ̀rọ̀ yẹn, lẹ́yìn tí wọ́n bá ti bi aláìsàn léèrè bóyá ó fẹ́ẹ́ mọ̀. Tìrẹ ni pé kí o má ṣe parọ́ fún un. A ní àṣà kan tó dára nígbà tí ara bá ń ya, tó sì máa ń ni aláìsàn lára nígbà tí kò bá ya mọ́: a ti ń wọlé ni a ti ń ṣàdúrà pé kò ní í kú, pé ó máa dìde, pé a máa jọ jó ní ọjọ́ ìdúpẹ́. Aláìsàn tó mọ ara rẹ̀ á ṣe àmín, á sì pa ẹnu mọ́, torí ta ló fẹ́ kó já àdúrà kulẹ̀? Báyìí ló ṣe ń dá gbé ẹ̀rù rẹ̀ láàárín èrò. Bí ìwọ bá wọlé, tí o ní "Ẹ pẹ̀lẹ́ sà, ẹ kú ìfaradà," tí o jókòó, tí o sì dákẹ́, kì í pẹ́ kí ọ̀rọ̀ tó jáde. Ó lè jẹ́ ọ̀rọ̀ ilẹ̀ tí wọn kò tíì pín. Ó lè jẹ́ ọmọ kan tí wọn kò bá sọ̀rọ̀ fún ọdún pípẹ́. Gbọ́ ọ, má ṣe dá a lẹ́bi, má sì gbé e jáde nínú yàrá àyàfi tó bá ní kí o gbé e jáde.

Èrè tìrẹ, mo mọ̀ ọ́n dájú, nítorí mo ti rí i lára ọ̀pọ̀ ọ̀dọ́ tó gba ibẹ̀ kọjá: ọwọ́ rẹ á mọ iṣẹ́ kan tí iléèwé kò kọ́ ọ. Wà á mọ̀ pé ẹni tí kò lè mu omi mọ́ ṣì lè rí ìtura bí o bá fi òwú tàbí aṣọ rírọ̀ tí o ti rẹ sínú omi nù ún lẹ́nu, tí o sì fi òrí díẹ̀ ra ètè rẹ̀. Wà á mọ bí ènìyàn méjì ṣe ń fi aṣọ ìtẹ́lé yí aláìsàn padà ní wákàtí méjì-méjì láìfà á lápá, kí ìdùbúlẹ̀ má baà dá egbò sí i nídìí. Wà á mọ̀ pé ìrora ní ìwọ̀n, pé bí o bá ní kí aláìsàn fi iye kan hàn láti òfo dé 10, nọ́ọ̀sì á mọ bí oògùn ṣe ṣiṣẹ́ sí láàárín àná àti òní. Èyí tó ṣòro jù fún àwa Yorùbá ni oúnjẹ. Gbogbo wa gbà pé ẹni tó bá jẹun á ní okun, nítorí náà a máa ń fi ṣíbí ti ẹ̀kọ mímu bọ aláìsàn lẹ́nu nígbà tó ti yí ojú kúrò. Ara tó ti ń palẹ̀ mọ́ kò fẹ́ oúnjẹ mọ́. Ebi kọ́ ló ń pa á. Bí a bá fi ipá da ẹ̀kọ sí ẹnu ẹni tí kò lè gbé e mì, ó lè gba ẹ̀dọ̀fóró lọ, á sì fi kún ìyà rẹ̀. Àwọn ọmọ tó bá mọ èyí kò ní í máa dá ara wọn lẹ́bi lẹ́yìn ìsìnkú pé àwọn ló febi pa bàbá wọn. Mo ti rí àwọn tó ru ẹrù yẹn fún ọ̀pọ̀ ọdún lásán.

Ọjọ́ kan á dé tí ọ̀rọ̀ yìí á kan ìyá tàbí bàbá tìrẹ. Gbogbo ẹbí á kó ara wọn jọ sí pálọ̀, wọ́n á máa fọwọ́ lérán, ìwọ á sì mọ ibi tí òwú àti omi wà.

Ìbéèrè láti Manchester, ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì

Màmá, ẹ jọ̀ọ́ ẹ bá mi dá sí i. Ìyá mi kú ní Òṣogbo ní oṣù mẹ́rin sẹ́yìn. N kò lè lọ nítorí ìwé ìgbélùú mi kò tíì jáde, orí fóònù ni mo ti wo ìsìnkú. Mo fẹ́ẹ́ lọ sí hospice báyìí, kí n lè ṣe fún ìyá ẹlòmíràn ohun tí n kò lè ṣe fún tèmi. Mo gbà pé ìyẹn máa fún mi ní ìsinmi ọkàn. Ṣé ẹ rò pé wọ́n á gbà mí?

Ìdáhùn

Ẹ kú àṣẹ̀yìndè o. Ọlọ́run á tẹ́ màmá sí afẹ́fẹ́ rere, á sì tù yín nínú. Ó dùn mí pé orí fóònù ni ẹ ti wò ó. Ọ̀pọ̀ wa nílẹ̀ yìí ló ti gba irú àdánù bẹ́ẹ̀, ẹnu kì í sì í fẹ́ sọ ọ́ jáde, nítorí ìtìjú máa ń bá ìbànújẹ́ rẹ̀ rìn.

N kò rò pé wọ́n á fi yín sí ẹ̀gbẹ́ aláìsàn ní báyìí, mo sì gbà pé wọn kò ṣàṣìṣe. Ọ̀pọ̀ hospice máa ń ní kí ẹni tí ẹnì kan ṣẹ̀ṣẹ̀ kú fún dúró díẹ̀, ọ̀pọ̀ ìgbà ni wọ́n máa ń sọ pé kó tó ọdún kan, kó tó máa jókòó ti àwọn tó ń kú lọ. Ẹ má ṣe kà á sí pé wọ́n lé yín. Ẹni tí ẹ bá bá nínú bẹ́ẹ̀dì yẹn ní ọmọ tirẹ̀, ó ní àṣejù tirẹ̀, ó sì lè jẹ́ ẹni tí inú rẹ̀ kò dùn sí ẹnikẹ́ni. Bó bá lé yín jáde ní yàrá, tí ẹ sì rí i bí ẹni pé ìyá yín ló lé yín, ẹ̀yin méjèèjì ló máa ṣèṣe. Kò jẹ yín ní gbèsè ìdáríjì, ẹ̀yin náà kò sì jẹ ẹ́ ní ohun tí ẹ jẹ màmá yín, bí ẹ bá tilẹ̀ jẹ màmá ní nǹkan kan. N kò rò pé ẹ jẹ ẹ́. Ìwé ìgbélùú ló dè yín mọ́lẹ̀.

Mo ti sọ èrè púpọ̀ fún àwọn tó kọ̀wé ṣáájú yín, mo sì gbọ́dọ̀ sọ fún yín pé ìsinmi ọkàn tí ẹ ń wá yìí kò sí lára èyí tí mo lè fọwọ́ sọ̀yà fún. Ó lè wá, ó sì lè má wá. Àwọn tó wá nítorí rẹ̀ nìkan máa ń fi iṣẹ́ sílẹ̀ nígbà tó bá pẹ́, nígbà mìíràn lọ́jọ́ tí aláìsàn kan ti ń retí wọn, ìyẹn sì burú ju kí wọ́n má wulẹ̀ wá lọ.

Ṣùgbọ́n iṣẹ́ hospice kò pin sí ẹ̀gbẹ́ bẹ́ẹ̀dì. Ẹ lè bẹ̀rẹ̀ ní ṣọ́ọ̀bù wọn, tàbí nínú ọgbà, tàbí ní ilé ìdáná. Ẹni tó bá ń ge àlùbọ́sà fún ọbẹ̀ àwọn aláìsàn ń tọ́jú wọn, ẹ sì lè sunkún sí àlùbọ́sà láìsí ẹni tó máa bi yín léèrè. Ẹ tún béèrè bóyá wọ́n ní ẹgbẹ́ àwọn tó ń ṣọ̀fọ̀. Àwọn hospice kan ṣí i fún ẹnikẹ́ni ládùúgbò, kódà fún ẹni tí òkú rẹ̀ kò kú sọ́dọ̀ wọn. Ẹ lọ síbẹ̀ bí ẹni tó wá gbà, ẹ fi ti fífúnni sílẹ̀ ná.

Bí ẹ bá lọ fọ̀rọ̀ wá wọn lẹ́nu, wọ́n máa béèrè fún àwọn tó lè jẹ́rìí sí ìwà yín, wọ́n sì lè ní kí ìjọba yẹ àkọsílẹ̀ yín wò bóyá ẹ ti hùwà ọ̀daràn rí. Ẹ béèrè lọ́wọ́ wọn náà bóyá irú ìwé ìgbélùú tí ẹ ní báyìí gbà yín láàyè láti ṣiṣẹ́ ọ̀fẹ́, kí ọ̀ràn mìíràn má baà tún jáde níbẹ̀. Bí wọ́n bá bi yín nípa ẹni tó kú fún yín, ẹ sọ ọjọ́ tí màmá kú gan-an, ẹ má ṣe fi oṣù kankan kún un. Ẹni tó ń bójú tó àwọn olùyọ̀ǹda-ara-ẹni á kọ ọ́ sílẹ̀, á sì mọ ìgbà tó yẹ kí òun tún bá yín jókòó sọ̀rọ̀ nípa yàrá àwọn aláìsàn.